Ohùn Ta Ni, Orin Ta Ni? Bí Pùròdúsà àti Olórin Ṣe Jọ Ń Ṣe Orin Kan

Bí ènìyàn bá gba òpópónà Òpèbí láti oríta Allen lọ sí ìhà Sheraton, báńkì, ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù aṣọ lojú máa rí. Ohun tí ojú kì í rí ni àwọn yàrá kéékèèké tó wà lẹ́yìn ilé àti lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí wọ́n ti lẹ fóòmù mọ́ ògiri, tí wọ́n fi kọ́tìnnì tó nípọn dí fèrèsé, tí kọ̀ǹpútà kan ń tàn nínú òkùnkùn lọ́sàn-án gangan. Inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ orin tí à ń gbọ́ nínú dánfó, níbi ìnáwó àti lórí fóònù àwọn ọmọ wa ti ń jáde. Èèyàn méjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀: ẹnì kan jókòó ti kọ̀ǹpútà, ẹnì kan dúró ti máìkì.

Ẹni tó dúró ti máìkì, ayé mọ̀ ọ́n. Àwòrán rẹ̀ ló máa wà lára orin náà, òun náà ni wọ́n máa ná owó fún lójú agbo. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà là ń pè ní pùròdúsà, òun sì ni iṣẹ́ rẹ̀ kò yé ọ̀pọ̀ nínú wa. Àwọn kan rò pé òun ló ni owó tí wọ́n fi ṣe orin. Àwọn kan rò pé bọ́tìnnì lásán ló ń tẹ̀, pé ẹ̀rọ ló ń ṣe ìyókù. Àwọn mìíràn, tí àwọn olórin fúnra wọn wà lára wọn, gbà pé bí a bá ti san owó bíìtì, ìyẹn ìlù orin náà, fún un, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán nínú orin náà, bí ìgbà tí a sanwó fún télọ̀ tí a gbé aṣọ wa lọ. Àṣìṣe ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀kẹta yìí ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Mo ti rí ọ̀rẹ́ méjì tó torí rẹ̀ tú ká, orin tí wọ́n jọ ṣe sì dùn débi pé ó ṣì máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ.

Orúkọ kan, iṣẹ́ mẹ́ta

Ohun tó ń rú wa lójú ni pé iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti jẹ́ orúkọ yìí láàárín wa. Nínú fíìmù Yorùbá, pùròdúsà ni ẹni tó kó owó sílẹ̀, tó sanwó fún òṣèré àti oníkámẹ́rà. Nídìí orin láyé àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, onílé-iṣẹ́ àwo ló sún mọ́ orúkọ náà jù: òun ló sanwó sítúdíò, òun ló tẹ àwo, òun ló tà á. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Olóyè Bolarinwa Abioro ti African Songs ṣe fún King Sunny Adé, kí aáwọ̀ tó dé láàárín wọn lẹ́yìn ọdún 1970, tí Sunny fi lọ dá Sunny Alade Records tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti òde òní, èyí tí mò ń sọ: ẹni tó ń ṣe ìlù, gìtá, dùùrù àti gbogbo ohun tó yí ohùn olórin ká, tó sì ń darí bí olórin ṣe máa kọ ọ́.

Nígbà àwo, orin ti pé kó tó dé sítúdíò. Ẹgbẹ́ jùjú tàbí fújì á ti lu orin náà lóde àríyá títí á fi dán. Bí wọ́n bá dé iwájú máìkì, iṣẹ́ ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ kò ju kó gbé máìkì síwájú gángan, kó gbé òmíràn síwájú gìtá, kó wo iná pupa, kó ní kí wọ́n máa lù ú lọ. Orí ọ̀gá ẹgbẹ́ ni orin náà ti wá, ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ti pé.

Kọ̀ǹpútà ló yí i padà. Ní ọdún 1997, ilé-iṣẹ́ Image-Line ti ilẹ̀ Belgium gbé ètò orí kọ̀ǹpútà kan jáde tó ń jẹ́ FruityLoops, èyí tí wọ́n wá sọ di FL Studio. Ètò yìí tàn kálẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ Èkó ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè rò lọ, nítorí kò béèrè ju kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìgbọ́hùn tó dára díẹ̀, àti sùúrù. Ẹ ro ti ìlù dùndún wò: ìyáàlù lọ́wọ́ ẹnì kan, kẹríkẹrì lọ́wọ́ ẹlòmíràn, gúdúgúdú lọ́rùn ẹni kẹta. Pùròdúsà á lu gbogbo wọn fúnra rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá tò wọ́n léra bí aṣọ òkè tí wọ́n rán etí mọ́ etí. Ẹgbẹ́ tó máa ń kún ojú agbo ti wọnú laptọ́ọ̀pù kan. Iṣẹ́ àwọn onílù kò parẹ́. Ó kàn bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan ni.

Ìkẹjà jẹ́ ibi tó rọrùn fún irú iṣẹ́ yìí. Ọjà kọ̀ǹpútà Otigba kò jìnnà, níbi tí ènìyàn ti lè pààrọ̀ wáyà tó bàjẹ́ lónìí kó sì padà sídìí iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Radio Lagos, Eko FM àti tẹlifíṣọ̀n LTV wà ní Agídíngbí, débi pé láyé CD, ẹni tó parí orin ní Òpèbí lè gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀yìn Allen níbẹ̀, ní òpópónà Gbemisola, ni ilé tí Fẹlá gbé kẹ́yìn, tí wọ́n sì sin ín sí, tó ti di ilé àkójọ ohun ìrántí láti ọdún 2012. Ọ̀rọ̀ Fẹlá sì kan ohun tí à ń sọ gan-an. Tony Allen, onílù rẹ̀, fi ẹgbẹ́ Fẹlá sílẹ̀ nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ, ọ̀rọ̀ owó àti ẹ̀tọ́ sì wà lára ohun tó fà á. Kò sí ẹni tó gbọ́ orin wọn tó lè sọ pé ìlù Tony Allen kì í ṣe ara orin náà. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nígbà náà ló ṣì wà nílẹ̀ ní yàrá Òpèbí lónìí: ẹni tó lu ìlù tó sọ orin di orin, ṣé òṣìṣẹ́ ni àbí olórin bíi ti ẹni tó ń lé?

Bí orin ṣe ń bẹ̀rẹ̀

Ọ̀nà mẹ́ta ni. Nígbà mìíràn, olórin ló máa mú ohùn orin wá, tó ti gbà á sílẹ̀ sórí fóònù. Nígbà mìíràn, pùròdúsà ti ṣe bíìtì sílẹ̀, olórin á wá yan èyí tó bá a lára mu. Ìkẹta ni kí àwọn méjèèjì jókòó láìní ohunkóhun lọ́wọ́. Èyí ló le jù, ó sì sábà máa ń bí èyí tó dùn jù.

Ìkíní ni mo fẹ́ fi hàn yín, nítorí ojú mi ló ṣe. Mo jókòó sẹ́yìn irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní Òpèbí, lórí àga rọ́bà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sán. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ti Agége wá. Ó gbé fóònù rẹ̀ fún pùròdúsà. Ohùn tó wà nínú rẹ̀, ilé ìdáná ló ti gbà á sílẹ̀: a ń gbọ́ bí epo ṣe ń ta nínú agbada lábẹ́ orin. Ọkùnrin náà tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀mẹta, kò sọ nǹkan kan. Ìka ló fi ń lu orúnkún ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ nọ́ńbà 104 sínú kọ̀ǹpútà.

Nọ́ńbà yẹn ni iye ìgbà tí ìlù máa dún láàárín ìṣẹ́jú kan. Púpọ̀ nínú orin àwọn ọ̀dọ́ Èkó máa ń wà ní àyíká 100 sí 110. Tó bá tó 120, ijó rẹ̀ ti di èyí tí ẹsẹ̀ kì í sinmi. Nọ́ńbà kan péré ni, ṣùgbọ́n òun ló máa sọ bóyá orin máa jẹ́ ẹkún tàbí ayọ̀. Ọmọbìnrin náà ti kọ orin rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń dárò. Ọkùnrin yìí gbọ́ ijó nínú rẹ̀.

Agogo ló kọ́kọ́ gbé sí i, ìlù kónkóló tí gbogbo wa mọ̀ láti ojúbọ títí dé ilé ìjọsìn. Ó fi ìlù ńlá tẹ̀ lé e, ìlù tí àyà ń gbọ́ kí etí tó gbọ́. Ó wá fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sí i, ó ṣe bíi pé kò dùn mọ́ ọn, ó yọ ọ́, ó fa á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ń dún bíi ti ẹni tí iṣẹ́ ti rẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ pé ẹ̀rọ ló ń ṣe é kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ máa ń lu ìlù gún régé, gbogbo rẹ̀ á bọ́ sójú ìlà. Ènìyàn ló ń mọ̀ọ́mọ̀ yẹ̀ ẹ́ kúrò lójú ìlà kó lè dà bí ọwọ́ ènìyàn. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú tó fi ń ṣe ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yìí nìkan. Iná lọ lẹ́ẹ̀kan, ìnfátà gbà á, kò tilẹ̀ gbé orí sókè.

Ọmọbìnrin náà wá dúró ti máìkì, ó ń kọ ohun tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú: la-la, he-he, yé-yé, ohun tó bá ṣáà bọ́ sí i lẹ́nu. Ẹni tó bá wọlé lójijì á rò pé eré ni. Iṣẹ́ tó le ni. Ọ̀nà tí ohùn máa gbà ló ń wá. Ó gùn ún lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó padà, títí ó fi rí ibi tí ohùn náà jókòó sí. Ọ̀rọ̀ ló máa tẹ̀ lé e.

Ibi tí èdè wa ti gba ìṣọ́ra

Níbi ọ̀rọ̀ yìí ni orin Yorùbá ti yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ pẹ̀lú mi níbẹ̀. Èdè wa ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Bí orin bá gbé ọ̀rọ̀ gba ibi tí ohùn rẹ̀ kò gbà, ọ̀rọ̀ náà di nǹkan mìíràn. Àwọn bàbá wa rí i nígbà tí wọ́n ń kọ orin ìsìn Yorùbá sí ohùn orin àwọn òyìnbó: ọ̀rọ̀ ń lọ sókè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, ìtumọ̀ sì ń dàrú lẹ́nu ìjọ. Ekundayo Phillips, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún lu dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Bí ọ̀rọ̀ àti ohùn orin ṣe gbọ́dọ̀ rìn pọ̀ ni ìpìlẹ̀ ìwé náà.

Ìṣòro yìí kan náà ló wọ yàrá Òpèbí lọ́jọ́ yẹn. Orin ọmọbìnrin náà ń béèrè ọkọ rẹ̀ tí kò tíì wọlé. Ó kọ ọ́ pé "ọkọ mi dà", gbogbo rẹ̀ lọ gbọọrọ lórí ohùn àárín kó tó sọ̀ kalẹ̀ nígbẹ̀yìn. Pùròdúsà ti yí dùùrù padà níbẹ̀, ó fẹ́ kí ohùn sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú kó lè bá dùùrù mu.

Ó ní, "Jẹ́ kó já wálẹ̀ ní ìkejì yẹn. Gbìyànjú ẹ̀."

Ọmọbìnrin náà gbìyànjú ẹ̀, ó dákẹ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá, ọkọ̀ lẹ ní kí n máa wá yẹn o. Èmi ò ní mọ́tò. Ọkọ ni mo sọ."

Ọkùnrin náà fọwọ́ gbá orí. Kò bá a jiyàn. Ó ní kó dá ohùn rẹ̀ padà síbi tó wà, ó wá gbé ìsọ̀kalẹ̀ tó ń wá yẹn fún béèsì. Ohùn obìnrin náà dúró gbọnyin lókè, béèsì rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ ń ṣú lóòótọ́ tí obìnrin náà ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ara mi bù máṣọ. Ẹni tó bá gbọ́ orin yẹn lẹ́ẹ̀kan, ìsọ̀kalẹ̀ béèsì yẹn ni yóò máa fi ẹnu ṣe lọ sílé.

Mo bi yín léèrè: ta ló ṣe ibẹ̀? Ká ní obìnrin náà kò mọ̀ pé ọkọ ti di ọkọ̀ ni, ohùn ì bá já wálẹ̀, béèsì ì bá sì dúró síbi tó wà. Ká ní ọkùnrin náà kò ní ìsọ̀kalẹ̀ lọ́kàn ni, orin náà ì bá lọ gbọọrọ láìní egungun. Ibẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni inú ọ̀pọ̀ orin ṣe rí, bí a kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ láti fojú rí i.

Ìdí nìyí tí àjọṣe pùròdúsà tó gbọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá àti olórin tó ń fi ìjìnlẹ̀ Yorùbá kọrin fi máa ń so èso tó yàtọ̀. Ní 2008, 9ice kọ "Gongo Aso", ID Cabasa ló ṣe é. Ẹ wo bí òwe àti oríkì ṣe kún ẹnu 9ice, tí ìlù kò sì dí ẹyọ kan lọ́wọ́ nínú wọn. Ẹni tó ṣe ìlù yẹn gbọ́ ohun tí olórin ń sọ. Ó fi àyè sílẹ̀ níbi tí òwe ti fẹ́ mí.

Niniola àti Sarz

Kì í ṣe dandan kí pùròdúsà jẹ́ Yorùbá kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti Niniola Apata, ọmọ Èkìtì, àti Sarz, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Osabuohien Osaretin, ọmọ Ẹdó. Niniola di ẹni mímọ̀ nídìí ìdíje Project Fame ní 2013. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gbé "Ibadi" jáde, Sarz ló ṣe é. Ìlù rẹ̀ súnmọ́ orin ijó àwọn ará South Africa, ó yára, ó dán, ó sì tutù. Ohùn tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá pọ́nńbélé, ohùn obìnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń lé orin tí wọ́n fi ń gbè é. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà, àwọn nǹkan méjì yìí kò jọ ara wọn. Niniola àti Sarz ló fi hàn pé wọ́n jọra.

Ní 2017, wọ́n jọ ṣe "Maradona". Orúkọ agbábọ́ọ̀lù ará Argentina yẹn ni Niniola fi ṣe àpèjúwe ọkùnrin tó ń fi ìfẹ́ tan ènìyàn jẹ. Ọmọ Nàìjíríà tó ti dàgbà mọ̀ pé orúkọ yìí ti wà lẹ́nu wa tipẹ́, nítorí òun la fi ń pe Ọ̀gágun Babangida. Orin náà rìn jìnnà. Ní oṣù keje ọdún 2019, Beyoncé gbé àkójọ orin The Lion King: The Gift jáde. Orin kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ "Find Your Way Back", ó sì mú lára "Maradona".

Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ Niniola wà lára àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọ́n kọ orin Beyoncé yẹn. Orúkọ Osaretin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọn kò kọ ọ́ pé ẹni tó tẹ bọ́tìnnì tàbí ẹni tí wọ́n sanwó bíìtì fún. Wọ́n kọ ọ́ pé ó wà lára àwọn tó kọ orin náà. Nígbà tí iṣẹ́ wọn sọdá òkun, ó sọdá pẹ̀lú orúkọ méjèèjì.

Sarz tún ti gbé e síwájú sí i. Nígbà tí òun àti WurlD jọ ṣe àkójọ orin ní 2019, tí òun àti Lojay sì ṣe LV N ATTN ní 2021, èyí tí "Monalisa" wà nínú rẹ̀, orúkọ méjèèjì ló jọ wà níwájú orin, tòun ti olórin. Ṣáájú ìgbà náà, Don Jazzy ti jẹ́ kí Nàìjíríà mọ̀ pé pùròdúsà ní orúkọ: láti 2004 tí òun àti D'banj ti dá Mo' Hits sílẹ̀ títí di 2012 tí wọ́n pínyà, orúkọ rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu nínú orin. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa pe orúkọ ènìyàn nínú orin yàtọ̀ sí kí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé. Àwọn ọ̀dọ́ pùròdúsà kan rò pé bí ohùn ọmọdé kan bá ti pe orúkọ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ orin, ó ti parí. Kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ohun-ìní méjì nínú orin kan

Ẹ jẹ́ ká fi àdìrẹ ṣe àkàwé. Ìyá kan ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ya iṣẹ́ ọnà kan, ó fi ẹ̀kọ kọ ọ́ sára aṣọ, ó rẹ ẹ́ sínú aró. Nǹkan méjì ló ti wà báyìí. Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ ọnà náà fúnra rẹ̀, èyí tí a tún lè yà sára aṣọ mìíràn lọ́la. Èkejì ni aṣọ tó wà lọ́wọ́ wa yìí, tó ti gbẹ, tí a lè ká, tí a lè tà.

Orin náà rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọnà rẹ̀ ni ohùn orin, ọ̀rọ̀, àti bí a ṣe tò ó. Bí ẹgbẹ́ kan bá kọ ọ́ níbi ìgbéyàwó l'Òṣogbo, iṣẹ́ ọnà yẹn ni wọ́n lò, wọn kò fọwọ́ kan ohun tí a gbà sílẹ̀ ní Òpèbí rárá. Aṣọ rẹ̀ ni ohùn tí a gbà sílẹ̀ gan-an, èyí tí àwọn onísítúdíò ń pè ní másítà. Bí rédíò bá gbé e sáfẹ́fẹ́, wọ́n lo méjèèjì pọ̀.

Ibi tí àwọn olórin ti ń ṣìnà nìyí. Ẹni tó sanwó fún pùròdúsà sábà máa ń rò pé òun ti ra iṣẹ́ ọnà àti aṣọ pa pọ̀. Ó lè jẹ́ pé owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn nìkan ló san. Òfin Nàìjíríà lórí iṣẹ́ ọpọlọ, Copyright Act 2022 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, sọ pé kò sí ẹni tó lè gba ẹ̀tọ́ yìí kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Owó tí a fi ránṣẹ́ láti orí fóònù, tí a kọ "for beat" sí i, kò sọ ohun tí a rà. Àìmọ̀ yìí ń pa pùròdúsà lára, ó sì ń pa olórin lára pẹ̀lú, nítorí ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ ńlá bá fẹ́ lo orin náà fún ìpolówó, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè ni ìwé tó sọ ẹni tó ni ín. Bí kò bá sí ìwé, wọ́n á lọ bá olórin mìíràn.

Àwọn kan tún gbà pé ó dìgbà tí ènìyàn bá forúkọ orin sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba kó tó di tirẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí orin bá ti wà lórí ẹ̀rọ, ẹ̀tọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ti iṣẹ́ ọnà máa wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é. Ti ohùn tí a gbà sílẹ̀ jẹ́ 50 ọdún. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tí àwọn ọmọ méjì ṣe lálẹ́ ọjọ́ kan ní Òpèbí lè máa bọ́ ọmọ-ọmọ wọn.

Ìwé ìpín

Ìwé tí mò ń sọ kò ju ojú ewé kan lọ. Orúkọ orin, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, orúkọ tó wà lórí ìwé ìrìnnà kálukú àti orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí, ohun tí kálukú ṣe, àti ìdá tó kan kálukú nínú 100. Kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Ó parí.

Ìpín tí ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ ni ìdajì sí ìdajì: ìdajì fún ọ̀rọ̀ àti ohùn orin, ìdajì fún ìlù àti ohun tó yí i ká. Àṣà ni, kì í ṣe òfin. Bí olórin bá mú ohùn orin wá ní pípé, ìpín rẹ̀ lè ga. Bí ẹlòmíràn bá bá wọn kọ ẹsẹ kan, ó ti ní tirẹ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà nìyẹn. Ti aṣọ yàtọ̀: ẹni tó náwó sí ìgbàsílẹ̀ sábà máa ń ni ín, tí wọ́n á sì fún pùròdúsà ní ìdá díẹ̀ nínú ohun tó bá ń wọlé. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi 3 sí 5 nínú 100 ni ẹ sábà máa ń gbọ́. Owó ọwọ́ tí pùròdúsà gbà lọ́jọ́ iṣẹ́ lè jẹ́ àsansílẹ̀ lórí èyí, ó sì lè jẹ́ ọ̀tọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ èyí tó jẹ́.

Lẹ́yìn ìwé, kí kálukú forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń gba owó fún àwọn tó ni orin. MCSN, tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2017, ló ń bá rédíò, tẹlifíṣọ̀n, hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ijó sọ ọ́ ní Nàìjíríà. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó orí íntánẹ́ẹ̀tì gba ọ̀nà mìíràn: ilé-iṣẹ́ tó gbé orin lọ sórí Audiomack, Boomplay tàbí Spotify ló ń kó o wá, ọwọ́ ẹni tó fi orin náà ránṣẹ́ ló sì máa ń bọ́ sí. Olórin ni ẹni yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí náà ni pùròdúsà fi lè máa gbọ́ orin ara rẹ̀ ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù Ìkẹjà, tí kò sì ní rí kọ́bọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ rẹ́ ẹ jẹ. Kò sí ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ síbi tí owó ń gbà kọjá, ìyẹn nìkan ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì nìyẹn. Wọn kò kọ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n ń pe ara wọn, ojú ń ti ọ̀kan láti dárúkọ ìwé, èkejì rò pé tí òun bá dárúkọ rẹ̀, á dà bí ẹni pé òun kò fọkàn tán an. Nígbà tí owó dé, ìtìjú náà ti di ìbínú.

Àwọn tó wà ní Òpèbí lọ́jọ́ tí mò ń sọ kò ṣe bẹ́ẹ̀, inú mi sì dùn. Ó ti ń lọ sí agogo mẹ́wàá alẹ́ kí ohùn tó pé. Ọkùnrin náà pa kọ̀ǹpútà, ó ya ojú ewé kan kúrò nínú ìwé ọmọ ilé-ìwé tó wà lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù, ó fa ìlà sí i. Ó kọ orúkọ obìnrin náà, ó kọ tirẹ̀, ó kọ 50 àti 50. Obìnrin náà ń kà á, ó gbé orí sókè.

"Bọ̀dá, Ìyá Sìkírá ńkọ́?"

Ìyá Sìkírá ni ará ilé kan náà ní Agége tó ń dín àkàrà lọ́jọ́ tí obìnrin yìí gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Òun ló ń gbè é láti ìdí agbada, tí a fi gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù. Ègbè tó gbè yẹn ni wọ́n padà tún kọ ní sítúdíò, tó wà nínú orin náà títí dìsinsìnyí.

Ọkùnrin náà ronú díẹ̀. Ó tún gbé fóònù náà sétí, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, epo ń ta, ohùn ìyá náà ń bọ̀ láti òkèèrè. Ó fa ìlà kan lórí 50 méjèèjì, ó kọ 45 àti 45, ó sì bi obìnrin náà pé kí ni orúkọ ìyá náà gan-an.